Ọwọ́ Tí Kò Dé Etí

Bí o bá dé Adó-Èkìtì nígbà tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, tí o sì béèrè ẹni tó mọ̀wé jù ní gbogbo àárín gbùngbùn Èkìtì, wọ́n á ní kí o lọ bi Ọ̀gá Akínyẹlé. Bí o bá sì bi Ọ̀gá Akínyẹlé, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, yóò ní òun kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun, yóò sì sọ fún ọ pé òun ni.

Òun ni Alábòójútó Ẹ̀kọ́. Ìjọba fún un ní ọfíìsì ní àdúgbò Adébáyọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páànù. Wọ́n fún un ní mọ́tò Pijó kan, dírẹ́bà kan, àti akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Adébíyìí. Lórí ìwé, iṣẹ́ Adébíyìí ni kó máa kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá sín, yóò dìde, yóò ní, "Ẹ kú ọgbọ́n, sà." Mo mọ̀ pé o rò pé àsọdùn ni. Lọ bi ẹni tó ń ta páànù.

Ọ̀rọ̀ sísọ kì í wọ́n ọ̀gá yìí. Bí wọ́n bá pè é síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé, yóò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ẹni tó fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà á fi gba inú igbó lọ. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "ẹ̀kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, èmi ni mo gbé fìtílà náà dání. Bí mo bá rìn síwájú, ẹ ríran. Bí mo bá jókòó, ilẹ̀ ṣú." Adébíyìí á wá pàtẹ́wọ́ lójú ibi tó tọ́ àti lójú ibi tí kò tọ́.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni pé àwọn òbí gbà á gbọ́. Ọmọ tú jáde láti oko àti ilé. Yàrá kò tó, bẹ́ǹṣì kò tó, tísà kò tó. Ní àgbègbè mìíràn, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, bí òjò bá sì ti ṣú, ilé-ìwé ti parí. Àkúrẹ́, tó jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà náà, a máa kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó pé ọmọ mélòó ni kò rí ibi jókòó. Àwọn yòókù á fi ẹkún kún ìwé. Ọ̀gá Akínyẹlé nìkan ló máa ń fèsì pé, lágbègbè tòun, kò sí ọ̀kankan.

Irọ́ kọ́ o. Etí ló fi ṣe é.

Àwọn àgbà mọ ìdánwò yìí. Nígbà tí ìwé ọjọ́ ìbí ṣọ̀wọ́n, tísà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, wọ́n gbà pé ó tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má tíì gbé ọwọ́ rẹ sókè. Ìgbà tìrẹ ń bọ̀.

Ọ̀gá Akínyẹlé wo ìdánwò yìí, ó rí i pé ó rọrùn jù. Ó ní kíkàn kò tó, àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ bo etí náà dáadáa, ọrùn kò gbọdọ̀ tẹ̀, ẹnu kò sì gbọdọ̀ là. Ó ní kí káfíńtà kan kan àga kékeré kan tó ní apá lọ́tùn-ún lósì àti ẹ̀yìn tó dúró ṣánṣán. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n kọ ÀGA ÌDÁNWÒ sí i lẹ́yìn. Orí Pijó ni wọ́n máa ń dè é mọ́, á wá máa bá ọ̀gá káàkiri bí ìyàwó tuntun. Ọmọ tó bá jókòó sórí rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bo etí, ìdájọ́ kan náà ló máa gbọ́: "Ọpọlọ rẹ̀ kò tíì pọ́n. Kó lọ jẹun sí i, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ kò tíì pọ́n, a kò lè kà á mọ́ ọmọ tí kò rí ibi jókòó. Ìjókòó kò tíì tọ́ sí i ni. Àkúrẹ́ kọ lẹ́tà ìyìn sí i. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀.

Ní Ìyìn-Èkìtì, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Monínúọlá, aránṣọ ni. Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ rẹ̀, Ọlátúndé, láti ìdílé kan tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ orí ńlá. Wọn kì í ra fìlà lọ́jà nínú ìdílé náà, rírán ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n rán an. Ọmọbìnrin wọn, Fọláyẹmí, gba orí yìí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láìku síbì kan. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ kò kan etí. Lọ́dún kejì ó kàn án, àmọ́ Ọ̀gá Akínyẹlé fúnra rẹ̀ ló wá ṣe ìdánwò lọ́dún náà, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kò sì bò ó.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Monínúọlá wí, ó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Orí bàbá rẹ̀ ló gbé. Ọmọ ọdún méje ni. Èmi ni mo bí i."

"Ìyá," ni ọ̀gá wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ mọ ọjọ́ orí ọmọ yín ni, àbí ìjọba?"

Adébíyìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ṣe ìdájọ́, wọ́n di àga mọ́ orí Pijó, wọ́n lọ.

Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé Monínúọlá ti gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀" rí. Nígbà tí òun náà kéré, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ kò dé etí. Wọ́n ní kó padà wá. Kó tó di pé ọdún yípo, ìyá rẹ̀ bí ìbejì, ó sì di dandan kí ẹnì kan dúró nílé láti pọn ọ̀kan. Kò padà lọ mọ́. Ìwọ̀nba ìwé tó mọ̀, ìdí kátíkísìmù ló ti kọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́dọ̀ bàbá katikísì kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó dùn ún títí di òní. Nígbà tí Fọláyẹmí ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà, kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

"A ò ní dúró de ọdún kankan," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́. "Ulé yìí ni màá ti kọ́ ọ."

"Kí lo mọ̀ tí o fẹ́ kọ́ ọ?"

"Ohun tí mo bá mọ̀. Bó bá tán, àá wá òmíràn."

Bí ilé-ìwé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù. Kò sí pátákó, ló bá na aṣọ dúdú kan mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ kọ A sí i. Téèpù tó fi ń wọn àyà àti ìdí àwọn oníbàárà ló fi kọ́ ọmọ ní òǹkà. Àárọ̀ ni ìwé kíkà, kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà ni òǹkà, lẹ́yìn náà ọmọ lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ bọ́ sídìí máṣíìnì. Bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, á dúró de ọjọ́ Ìsinmi, á bi àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú o. Ọmọ ń sùn, ìyá ń jágbe, àwọn méjèèjì sunkún.

Ìgbà tó yá, Monínúọlá rántí pé òun kò jágbe rárá nígbà tóun ń kọ́ ọmọ yìí kan náà bí a ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Òun kọ́kọ́ ṣe é ni, ọmọ wò ó, ọmọ wá ṣe tirẹ̀. Ló bá sọ ọ́ di òfin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: ohunkóhun tí tísà bá fẹ́ kí ọmọ ṣe, tísà ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Bó bá fẹ́ kí ọmọ kàwé sókè, òun á kọ́kọ́ kà á sókè. Bó bá ní kó fọ eyín kó tó wá kẹ́kọ̀ọ́, òun á kọ́kọ́ fọ tirẹ̀ níwájú ọmọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé.

Àwọn aládùúgbò rí i. Àwọn tí àga aláwọ̀ ewé ti lé ọmọ wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn wá. Ọmọ ń ti Ìgèdè pàápàá wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, wọ́n bọ́ sí abẹ́ igi ìta.

Ọ̀rọ̀ dé ọfíìsì ní Adébáyọ̀. Ọ̀gá Akínyẹlé ń jẹ iyán lọ́wọ́ nígbà tí Adébíyìí wọlé tó ní, "Sà, obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ní ọpọlọ wọn kò tíì pọ́n ní ìwé ní Ìyìn." Iyán há ọ̀gá lọ́fun. Àbí o kò rí i ni? Bí Àkúrẹ́ bá gbọ́ pé ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi lágbègbè ẹni tó ní kò sí ọmọ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, lẹ́tà inú gíláàsì yẹn á di ẹlẹ́yà.

Lọ́jọ́ kejì, Pijó gúnlẹ̀ sí Ìyìn. Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀, ó wo aṣọ dúdú ara ògiri, ó wo àwọn ọmọ, ó wo Monínúọlá.

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ulé mi nìyí, sà. Ọmọ mi ni mo ń kọ́ ní ùwé. Àwọn yòókù bá a wá ni."

"Ilé-ìwé tí kò ní aago. Ilé-ìwé tí kò ní asíá. Ilé-ìwé tí kò ní èmi." Ó mí kanlẹ̀. "Arábìnrin, ṣé o mọ̀ pé bí o bá bu omi sórí ẹ̀gẹ́ tí kò tíì jinná, o ti ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, o ti ba omi jẹ́?"

Kò sí ẹni tí òwe yìí yé, títí kan èmi tí mò ń sọ ìtàn. Adébíyìí kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀gá kàn ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pa kó máa lọ. Ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ìṣẹ́gun kékeré tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn. Màdámù kan, àgbà òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ tó ju Ọ̀gá Akínyẹlé lọ, ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá pinnu pé níwájú Màdámù yìí ni òun yóò ti dán àwọn ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ayé rí i pé òun kò jẹ̀bi.

"Kó wọn wá sí pápá ní Adó," ló sọ fún Monínúọlá. "Bí ọwọ́ wọn kò bá bo etí, o kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan mọ́, ìbáà ṣe èyí tí o bí. Màá sì gbé máṣíìnì yẹn lọ."

Ìyẹn ni pé ìwé ọmọ rẹ̀ àti oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wá wà lórí àga kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin àdúgbò gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní, "Gbé usu dání, kí o lọ bẹ̀ ẹ́ ní ulé rẹ̀." Òmíràn ní kó gbé ọmọ pamọ́ sí oko. Monínúọlá ro ti oko yẹn títí, mi ò ní parọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà á. Àmọ́ bó ṣe ń kó aṣọ Fọláyẹmí sínú báàgì, ó rí i pé ohun tí òun fẹ́ ṣe ni pé kí òun fi ọwọ́ ara òun ní kí ọmọ náà padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó tú báàgì náà.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánfáàsì sí pápá. Ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé kan kọ orin tí orúkọ Ọ̀gá Akínyẹlé wà nínú ẹsẹ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé agbègbè náà jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Màdámù láti Àkúrẹ́ jókòó láàárín, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bùbá àti ìró lásán, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá Akínyẹlé wọ agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì sí tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń dún bí páànù bó bá yíjú. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Màdámù wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wo aago.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé Àga Ìdánwò wá. Ọmọ àkọ́kọ́ jókòó, ọwọ́ rẹ̀ kò bo etí. "Ọpọlọ rẹ̀ kò tíì pọ́n," ni ọ̀gá ké. Ọmọ kejì. "Kó lọ jẹun sí i." Ọmọ kẹta, bákan náà. Monínúọlá dúró lẹ́bàá òpó kánfáàsì, ó di ìró rẹ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́.

Ó kan Fọláyẹmí. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ lé itan, ó ń wo ọ̀gá lójú.

"Gbé ọwọ́ rẹ sókè."

Ọmọ kò mira.

"Ṣé odi ni ọ́ ni? Mo ní gbé ọwọ́ rẹ sókè."

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, sà," ni Fọláyẹmí wí. "Tísà ló máa ń kọ́kọ́ ṣe é."

Adébíyìí ti dìde láti gbá ọmọ náà létí, ìyẹn etí tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí, ṣùgbọ́n Màdámù gbọ́wọ́ sókè. Ó jọ pé oorun tó ń kùn ún ti dá lójú rẹ̀.

"Ọmọ yìí ò purọ́," ló wí. "Ọ̀gá, ẹ ṣe é kó wò."

Ọ̀gá Akínyẹlé rẹ́rìn-ín. Kí ni gbígbé ọwọ́ sókè? Ó ní kí ọmọ dìde, ó fi gbogbo ara jókòó sórí àga kékeré náà. Àga ké. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, gbogbo apá agbádá sì bá ọwọ́ lọ, ó dà bo ojú rẹ̀. Láti inú agbádá ni a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti ń sún mọ́ ọn." Fìlà rẹ̀ ṣubú. Ẹran apá tí iyán ọ̀fẹ́ ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò jẹ́ kí ìgúnpá tẹ̀. Ìka rẹ̀ dé àárín àtàrí, ó dúró síbẹ̀, ó ń jó.

Adébíyìí sáré lọ ti ìgúnpá náà lẹ́yìn. "Ó ti dé e, sà. Etí yín ló sún sẹ́yìn."

"Kò tíì dé e," ni Màdámù wí.

Ká ní ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mọ, ọ̀gá ì bá rí nǹkan wí. Ara àgbà kò rí bíi tọmọdé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fún un ní ọ̀wọ̀ ló pa á. Màdámù kọjú sí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ bá wa ṣe é, kí a mọ bó ṣe rí." Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì rántí. Ta ni yóò fi ọwọ́ bo etí níwájú ọ̀gá tí ọwọ́ tirẹ̀ kò dé etí? Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé-ìwé ẹ̀yìn òkè níbi tí mọ́tò kò dé? Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé wà láàárín wọn, ọkùnrin gbọọrọ kan tí apá rẹ̀ gùn débi pé ó lè họ ẹ̀yìn ara rẹ̀ láìwá olùrànlọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí tán kó tó rí ojú Ọ̀gá Akínyẹlé láàárín agbádá. Ó fà á padà síwájú orí. "Kò dé, sà," ló wí. Ẹni tó tẹ̀ lé e dá tirẹ̀ dúró sí ìpéǹpéjú. Òmíràn ní èjìká ń dun òun láti kékeré. Adébíyìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí tirẹ̀ kọjá àgbọ̀n.

Màdámù rìn níwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, gbogbo wọn gbé ọwọ́ lérí bí ẹni tí ó fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "nínú ìwé tí ẹ kọ sí wa, ẹ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá bo etí, ọpọlọ rẹ̀ kò tíì pọ́n, kò sì yẹ kó sún mọ́ ìwé. Ta wá ni ìjọba gbé ilé-ìwé lé lọ́wọ́ níhìn-ín láti ọjọ́ yìí?"

Ọ̀gá Akínyẹlé dìde láti sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. Àga náà bá a dìde. Ó ti há mọ́ ọn nídìí. Bó ṣe yíjú sí Màdámù, ÀGA ÌDÁNWÒ yíjú sí àwọn ènìyàn, wọ́n sì kà á sókè. Ẹ̀rín bẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí wọ́n ti lé ọmọ wọn padà. Ẹ̀rín náà pẹ́.

Fọláyẹmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àánú ọ̀gá ṣe é. Ó mọ bó ṣe máa ń rí lára, ó sì rò pé ohun tí wọ́n sọ fún òun ni ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dé. Ó he fìlà láti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí. "Ọpọlọ yín ni kò tíì pọ́n. Ẹ lọ jẹun sí i, kẹ́ ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ti gbọ́ kí adájọ́ dájọ́ rí, mi ò gbọ́ èyí tó tọ́ báyẹn. Màdámù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí ẹnu, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé ọmọ mélòó ni wọ́n ti lé padà. Ọwọ́ tó wà lórí sọ̀kalẹ̀, ẹnu là. Ohun tí wọn kò lè sọ láti ọjọ́ yìí, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Adébíyìí ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Màdámù ní kí Ọ̀gá Akínyẹlé lọ sinmi nílé títí lẹ́tà yóò fi dé. Lẹ́tà náà kò tíì dé títí mo fi ń kọ èyí. Àwọn ará Adébáyọ̀ ní bí o bá gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá láàárọ̀, wàá rí òjìji ẹnì kan lójú fèrèsé tó ń gbé ọwọ́ gba orí, tó ń sinmi, tó tún ń gbé e. Wọ́n ní ó ti kan irun ẹ̀bátí. Alábòójútó tuntun ti dé sí ọfíìsì náà. Bó bá sín, Adébíyìí á dìde.

Ìyìn ní ilé-ìwé abẹ́ máńgòrò báyìí, bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Fọláyẹmí wọlé, tísà béèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́, ó tún béèrè ti ọmọ tó kàn. Monínúọlá ṣì dúró síbẹ̀, ó ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀ etí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ yíjú sí i, ó ní, "Yèyé, ẹ máa lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni a ó ṣe tilé."

Ó ń dá bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé ibi tí igi kòkó ti bo ọ̀nà, ó wo iwájú, ó wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ohun tí kò dán wò mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e padà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo etí òsì, ó bò ó dáadáa, ó tún ṣẹ́ kù. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lórí, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ló ti dé e, kò sì sí ẹni tó ní kó padà wá.

Ìwọ náà lè gbé tìrẹ sókè báyìí.